Orúkọ Tìrẹ Ni Kí O Tún Ṣe, Má Yá Tèmi Lò

Eastbury, Barking
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn

Mojísọ́lá ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó sì ní kí n má pariwo mọ́ ọ nínú ìwé yìí. Mo ti ṣèlérí fún un. Nítorí náà, bí o bá dé ibi tí mo ti tẹ bírò mọ́lẹ̀ jù, fojú fò ó, kí o máa kà á lọ.

O mọ̀ pé ìwé mẹ́fà ni mo kà. Mi ò tijú rẹ̀. Àwọn tó kàwé jù mí lọ ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi ní yáàdì mi ní Creekmouth, ọ̀gá ni wọ́n ń pè mí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ gùn ju ti orí fóònù lọ. Mi ò sì fẹ́ fi ohùn mi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ, kí ọkọ rẹ má baà ṣèèṣì gbọ́ ọ kí ìwọ fúnra rẹ tó là á yé e. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó ti tábìlì ìjẹun láti ìgbà tí a ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ọwọ́ mi le, mo mọ̀, ìwé mi ò dára. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yìí náà ló rán ọ lọ sí yunifásítì, nítorí náà fara balẹ̀ kà á.

Nígbà tí o pè mí ní yáàdì lọ́jọ́ Ẹtì, mo kọ́kọ́ rò pé oyún lo fẹ́ sọ fún mi. Ohùn rẹ rẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀.

O ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gba káàdì àwìn kan lórúkọ yín. Èmi ni n ó máa ná an, èmi náà ni n ó máa san án. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Mo ní, "Kí ló dé tí o ò gba tìrẹ?"

"Wọ́n kọ̀ mí, Dádì. Gbogbo wọn ló ń kọ̀ mí."

"Kí ni Kúnlé sọ sí i?"

Àwọn ọmọkùnrin ń gé pákó lẹ́yìn mi, mo ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ náà, torí mo rò pé mi ò gbọ́ ọ ni. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, o ní, "Kúnlé ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù irun yẹn, Dádì. Ó mọ̀ pé mo ní ṣọ́ọ̀bù, kò mọ bó ṣe parí. Ẹ má bínú."

Mi ò bínú. Ṣọ́ọ̀bù irun tí o ṣí nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin Barking, èmi gan-an ni mo kun ògiri rẹ̀. Mo rí i bí o ṣe ń fi káàdì ra ọjà tí ẹnikẹ́ni ò wá rà. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí o kó kọ́kọ́rọ́ fún onílé. Mo sì mọ ọjọ́ tí ìjọba kéde pé o ò lè san gbèsè náà mọ́, èyí tí ẹ̀yin ọmọ ń pè ní "bankrupt". Wọ́n ti tú ọ sílẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà ló máa ń wà nínú fáìlì ènìyàn, èyí tí àwọn tó ń yáni lówó máa ń wò, tìrẹ ò sì tíì pé. Ní báyìí, o ti lọ́kọ. Ẹ ti kó lọ sí Beam Park, Kúnlé sì ti rí ilé tó fẹ́ kí ẹ jọ rà níbẹ̀. Láìpẹ́ ẹ máa jókòó níwájú àwọn tó ń yáni lówó ilé, ẹ̀yin méjèèjì á sì fọwọ́ sí ìwé kan náà. Lójoojúmọ́ ni ọmọ ọlọ́mọ ń bi ọ́ pé kí ló dé tí o ò lo káàdì ra àga àti bẹ́ẹ̀dì, ìwọ sì ń dá a lóhùn pé o ò fẹ́ràn káàdì.

Mi ò ní gba káàdì kankan fún ọ, Àbẹ̀kẹ́. Mo tètè kọ ọ́ síbí kí o má baà máa wá a dé ìsàlẹ̀ ìwé. Rárá ni. Ó kù kí n sọ ìdí rẹ̀ àti ohun tí o máa ṣe.

Tèmi ni n ó kọ́kọ́ sọ, torí mo ti rìn níbi tí o ń rìn yìí, ilẹ̀ ibẹ̀ sì yé mi.

Nígbà tí mo dé Creekmouth, gbígbá ilẹ̀ ni wọ́n gbà mí fún, níbi tí wọ́n ti ń tún páléètì ṣe, àwọn pákó tí wọ́n ń to ẹrù lé. Kò pẹ́ tí èmi fúnra mi fi ń kàn án. Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ ọ́n kàn ju òyìnbó tó kọ́ mi lọ, òun náà sì jẹ́wọ́ rẹ̀. Mo ya ara mi sọ́tọ̀, mo gba ààyè tèmi, mo ra ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó wá sí ìlú yìí pẹ̀lú àpò kan! Gbogbo ẹni tó ń rán mi níṣẹ́ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi láti òkèèrè. Àwọn ilé-iṣẹ́ káàdì náà ń kọ̀wé sí mi fúnra wọn, wọ́n ní àwọn ti yàn mí. Mo gbà á gbọ́. Mo rò pé ẹ̀bùn ni, pé wọ́n gbọ́ nípa mi ni. Káàdì ni mo fi ra táyà, káàdì ni mo fi san owó àwọn òṣìṣẹ́, káàdì ni mo tún fi ń san gbèsè káàdì mìíràn.

Oníbàárà mi tó tóbi jù lọ kógbá wọlé lọ́jọ́ kan, èmi náà ṣubú tẹ̀lé e. Wọ́n kéde mi. Wọ́n kó ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ kí o fọkàn sí, torí mo rò pé ìwà ọmọlúàbí ni mò ń hù. Mo fi sísọ́ọ̀sì gé gbogbo káàdì tó kù. Mo lọ síwájú pẹpẹ, mo búra pé mi ò ní jẹ ẹnikẹ́ni lówó mọ́ títí n ó fi kú. Owó ọwọ́ ni mo fi ń ra gbogbo nǹkan láti ìgbà náà. Àjọ ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dá a, mi ò jẹ́ kí wọ́n béèrè rí. Mo tún yáàdì bẹ̀rẹ̀, ó sì tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí ọdún mẹ́fà kọjá, mo fẹ́ yá lọ́rì ńlá kan lò, àwọn tó ń fi lọ́rì háyà ní àwọn ò gba owó ọwọ́, káàdì ni kí n mú wá. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ni káàdì fún irú èmi?

Mo gba fọ́ọ̀mù gbogbo ilé-iṣẹ́ káàdì tí mo mọ̀. Mo kó wọn lọ sórí pẹpẹ, a tan àbẹ́là, Wòlíì gbàdúrà sí i, mo sì kó gbogbo wọn ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà kí àdúrà náà má baà tutù. Gbogbo wọn kọ̀ mí.

Inú bí mi débi pé mo lọ sí ọ́fíìsì kan ní Barking, níbi tí wọ́n ti ń gbani nímọ̀ràn lórí gbèsè lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọbìnrin Yorùbá kan ni mo bá níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, mo sì rò pé ó ti mọ ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀.

Ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀ títí, ó ní, "Dádì, wọn ò mọ̀ yín ni."

"Ta ni ò mọ̀ mí? Èmi tí gbogbo Creekmouth mọ̀? Lọ béèrè mi ní Barking yìí!"

"Mo gbọ́, sà. Àwọn tó ń yáni lówó ni ò mọ̀ yín. Ẹ ò yá nǹkan kan láti ọdún mẹ́fà wá, wọn ò lè mọ̀ bóyá ẹ máa san. Dádì, kí ni orúkọ yín gan-an?"

"Àpọ́sítélì Àgbà Emmanuel Adéyẹmí Ṣóbọ̀wálé."

"Orúkọ yín ni mo ní, sà."

"Mo ti sọ ọ́ fún ẹ."

"Ṣé Àpọ́sítélì ni wọ́n sọ yín lọ́jọ́ ìkómọjáde?"

Mo fẹ́ dìde. Ló bá yí kọ̀ǹpútà náà sí mi. Mojí, nígbà tí mo forúkọ sílẹ̀ fún ìdìbò, mo ti kọ oyè ṣọ́ọ̀ṣì mi, "Senior Apostle", síwájú orúkọ bí mo ṣe ń ṣe níbi gbogbo. Nínú ìwé àwọn olùdìbò, orúkọ mi ni "Senior", orúkọ àárín mi sì ni "Apostle". Lọ́dọọdún ni káńsù ń kọ̀wé sí "Senior" nílé wa, inú mi sì máa ń dùn, mo rò pé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún mi ni. Àwọn ilé-iṣẹ́ káàdì ń wá Emmanuel ní àdírẹ́ẹ̀sì wa, wọn ò rí i. Ẹni tí wọ́n rí, wọn ò mọ̀ ọ́n rí.

Ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ní, "Ẹ má bínú, Dádì." Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tó yá, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́jọ́ yẹn.

Nítorí náà, èkínní: orúkọ kan ṣoṣo ni kí o máa jẹ́. Mo mọ̀ pé ní báńkì, Mojí Ṣóbọ̀wálé ni ọ́. Ibi tí o ti ń san owó fóònù, o ti di Mísíìsì Akínṣọlá. Nínú ìwé olùdìbò, o ṣì ń gbé ní Eastbury lọ́dọ̀ wa. Tún gbogbo rẹ̀ ṣe, kí ó jẹ́ ẹnì kan náà, ní ilé kan náà. Ọ̀rẹ́ rẹ tó sọ fún ọ pé orúkọ ọkọ máa bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀, má gbọ́ tirẹ̀. Fọ́ọ̀mù máa bi ọ́ ní orúkọ tí o ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, irọ́ pípa níbẹ̀ sì lè di ẹjọ́.

Èkejì: má tọrọ káàdì káàkiri mọ́. Ìgbàkigbà tí o bá tọrọ, àmì rẹ̀ máa ń wà nínú fáìlì, ẹni tó kàn á sì rí i pé o ti ń sáré kiri. Àdúrà ò burú, èmi náà ò tíì jáwọ́, ṣùgbọ́n ẹyọ fọ́ọ̀mù kan ni kí o gbàdúrà sí. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà ní ibì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí o ti lè kọ́kọ́ béèrè bóyá ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbà ọ́. Ìyẹn kì í fi àmì tí ẹlòmíràn lè rí sílẹ̀. Bí èsì ibẹ̀ ò bá dára, dúró fún oṣù bíi mélòó kan.

Ẹ̀kẹta: béèrè fún fáìlì rẹ lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀tọ́ rẹ sì ni. Kà á bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Gbogbo gbèsè tó wà nínú ìkéde yẹn, ó yẹ kí wọ́n ti kọ ọ́ pé ó ti parí. Nínú tèmi, ilé-iṣẹ́ kan ṣì ń kọ ọ́ pé mò ń jẹ òun, lẹ́yìn gbogbo ọdún yẹn. Mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n sì tún un ṣe. Èmi tó ka ìwé mẹ́fà ni mo kọ̀wé náà o, mi ò bẹ lọ́yà.

Ilé-iṣẹ́ tí o jẹ lówó nígbà yẹn, má tíì padà sọ́dọ̀ wọn. Àwọn èèyàn yẹn máa ń rántí, kódà nígbà tí fáìlì bá ti gbàgbé. Àwọn tó kọ́kọ́ já mi sílẹ̀ ni wọ́n gbà mí padà kẹ́yìn, ó sì pẹ́ gan-an. Bí ẹnì kan bá sì wá bá ọ, bó wù kó jẹ́ ará ṣọ́ọ̀ṣì, tó ní kí o san owó kí òun bá ọ fọ fáìlì mọ́, ń ṣe ni kí o máa lọ. Kò sí ohun tó máa ṣe tí ìwọ ò lè ṣe.

Mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́. Káàdì tí wọ́n máa kọ́kọ́ fún irú wa, iye tí o lè ná lórí rẹ̀ kéré, èlé rẹ̀ sì pọ̀ jọjọ. Nígbà tí tèmi dé, owó tó wà lórí rẹ̀ ò tó ra táyà méjì. Mo ní n ó dá a padà, pé àbùkù ni. Ìyá rẹ ní, "Ẹ gbà á, Bàbá Mojí. Bí wọ́n bá fún yín ní ìwọ̀nba, ẹ lo ìwọ̀nba." Epo ọkọ̀ nìkan ni mo fi ń rà, mi ò sì jẹ́ kí ó sún mọ́ iye tí wọ́n ní n kò gbọdọ̀ ná kọjá. Mo pàṣẹ fún báńkì kí wọ́n máa san gbogbo rẹ̀ lóṣooṣù, kí n má baà gbàgbé, kí èlé má sì kàn mí. Mi ò fi gba owó nídìí ẹ̀rọ tó ń pọ owó rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí o ṣe. Kò dùn, ó máa ń súni. Nígbà tó yá, àwọn fúnra wọn fi kún un, mi ò bẹ̀ wọ́n. Lónìí, bí mo bá tọrọ, wọ́n ń dá mi lóhùn kíákíá. Èmi Ṣóbọ̀wálé yìí náà ni.

O ti wá rí ìdí kan tí mo fi kọ̀. Bí mo bá tilẹ̀ fi orúkọ rẹ kún káàdì mi, fáìlì tèmi ni gbogbo sísan tí o bá san máa tún ṣe. Tìrẹ á wà bó ṣe wà, o máa sanwó títí, wọn ò sì ní mọ̀ ọ́.

Ìdí kejì nìyí, òun ni mo fi sẹ́yìn.

O kéré nígbà tí wọ́n kó ọkọ̀ mi lọ. Mo sọ fún ìyá rẹ pé mo tà wọ́n ni. Mo ní mo fẹ́ fi owó náà ṣe nǹkan tó dára ju ìyẹn lọ. Ó gbà mí gbọ́, torí ọkùnrin tó máa ń rí ṣe ni mí. Àwa méjèèjì sì jọ ní àkáǹtì kan ní báńkì. Lọ́jọ́ kan, ó ní òun fẹ́ lọ gba káàdì ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àga, kí òun lè máa san owó bẹ́ẹ̀dì tuntun fún ọ díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló ń ṣe, kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó rí láyé rẹ̀. Ó wọ aṣọ tó dára, ó wé gèlè, òun àti Ìyá Ìjọ ni wọ́n jọ wọ bọ́ọ̀sì lọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò wọ́n. Mi ò sọ̀rọ̀.

Wọ́n kọ̀ ọ́ níṣojú Ìyá Ìjọ. Wọ́n ní kí ó lọ wo fáìlì ẹni tí wọ́n jọ ní àkáǹtì.

Nígbà tó dé, kò pariwo. Ó tú gèlè, ó ká a, ó fi í sórí àga. Ó ní, "Bàbá Mojí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Ẹ mọ̀. Ẹ ń wò mí nígbà tí mò ń wé gèlè, ẹ sì mọ̀."

Mo wá àlàyé. Mo ní ọkùnrin ni mí, mi ò fẹ́ kó o lọ́kàn sókè. Ó ní, "Ẹ ò bá jẹ́ kí ọkàn mi gbé sókè nílé. Ìta lẹ wá gbé e sí." Ó sì wọlé lọ sùn ní yàrá rẹ.

Ó pẹ́ kí ó tó padà. Mo ní ó pẹ́, mi ò ní sọ bó ṣe pẹ́ tó fún ọmọ mi. Mo ti gba gbogbo nǹkan mi padà ní ìlú yìí, yáàdì, ọkọ̀, káàdì. Ojú tí ìyá rẹ fi ń wò mí kí ó tó wọ bọ́ọ̀sì yẹn, mo gba púpọ̀ nínú rẹ̀ padà, mi ò gba gbogbo rẹ̀. Títí di òní, bí mo bá sọ pé mo ra nǹkan, ó máa ń béèrè pé, "Ẹ rà á lóòótọ́?" Ẹ̀rín ló fi ń béèrè. Mo máa ń gbọ́ ọ síbẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ mi, ìgbéyàwó nìkan kì í so fáìlì ènìyàn méjì pọ̀. Ohun tó ń so wọ́n ni kí ẹ jọ ṣí àkáǹtì, tàbí kí ẹ jọ yá owó. Lónìí tí mò ń kọ̀wé yìí, ohun tó wà nínú fáìlì rẹ ò tíì kan Kúnlé. Ọjọ́ tí ẹ bá jọ fọwọ́ sí ìwé ilé yẹn ló máa kàn án. Ó kéré tán, wọ́n máa wo fáìlì rẹ kí wọ́n tó dá yín lóhùn, ẹnu àjèjì ni ọmọ náà á sì ti gbọ́ ọ, níbi tí òun náà ti wọ aṣọ tó dára lọ. Má jẹ́ kí ó wọ aṣọ yẹn.

Sọ fún un kí ẹ tó lọ. Má sọ ọ́ nínú ọkọ̀, má sọ ọ́ níwájú àwọn òbí rẹ̀ tó wá láti Peckham, má sì sọ ọ́ bí ẹni ń ṣàwàdà. Pa tẹlifíṣọ̀n. Gbé fáìlì náà sí iwájú rẹ̀, kí ó kà á fúnra rẹ̀. Bí ó bá béèrè iye rẹ̀, sọ iye rẹ̀ gan-an. Sọ fún un pé o wá bá mi kí n fi orúkọ mi bò ọ́, mo sì kọ̀. Ìyẹn náà wà nínú rẹ̀, má yọ ọ́ kúrò. Bí ó bá ní kí ẹ dá ilé náà dúró títí ọdún mẹ́fà á fi pé, gbà fún un, Beam Park ò ní sá lọ. Bí ó bá ní òun fẹ́ fi orúkọ òun nìkan rà á, má jẹ́ kí ìyẹn dùn ọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ó bá sì dìde tó jáde, má sáré tẹ̀ lé e. Bo oúnjẹ rẹ̀, kí o jókòó. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni, mo ti wò ó fínnífínní, ojú mi kì í sì í tàn mí nínú ọ̀rọ̀ ènìyàn.

Ìyá rẹ ní òun lè wá jókòó tì ọ́. Mo ní kí ó jókòó sílé. Èmi náà ò ní wá. Ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya ni, bí ẹnikẹ́ni bá wà níbẹ̀, ọkọ rẹ á máa díbọ́n lójú ẹni yẹn, o ò ní mọ ohun tó ń rò.

Má pè mí láti tún bẹ̀ mí nítorí káàdì. Má sì pè mí láti bi mí bí o ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, mi ò mọ̀ ọ́n, èmi ò bẹ̀rẹ̀ tèmi rí, wọ́n bá mi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni. Ìgbà tí o bá ti sọ ọ́ fún un tán ni kí o pè mí. Wákàtí yòówù kó jẹ́, fóònù mi máa wà lọ́wọ́ mi.

Bàbá rẹ ni.